Lẹ́tà Tí Mo Kọ Orí Rẹ̀ Dáadáa

Ó wá láti ọwọ́: Ìyá rẹ.
Ó ń lọ sọ́dọ̀: Ọmọ mi obìnrin.
Irú rẹ̀: Ọ̀rọ̀ ilé.
Èdè: Yorùbá.
Gígùn: Ojú ewé kan.

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Ọlọ́run á máa ṣọ́ ìjáde àti ìwọlé rẹ. Ẹsẹ̀ bàbá rẹ ti ń san, ó ti ń rìn dé ẹnu ọ̀nà láìfọwọ́ ti ògiri.

Má bínú pé mo kọ́kọ́ to nǹkan sókè kí n tó kí ọ. Nígbà tí o ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ lórí fóònù, o ní àwọn ẹ̀rọ máa ń kọ lẹ́tà síra wọn, ìwọ lo sì ń kọ́ wọn bí wọn ó ṣe máa ka orí lẹ́tà náà, ibi tó ti wá, irú ohun tó wà nínú rẹ̀ àti bó ṣe gùn tó. Ó yé mi kíá, ìwé pélébé tí mo máa ń so mọ́ aṣọ oníbàárà náà nìyẹn. O wá ní bí orí ẹ̀ ò bá tọ̀nà, ńṣe ni wọ́n á dá a padà láìka inú ẹ̀. Àṣé ìdí nìyẹn tí o ò fi fèsì lẹ́tà mẹ́ta tí mo kọ láti ọdún tó kọjá! Mi ò kọ nǹkan kan sórí ìkankan nínú wọn, mo kàn ń bínú sí ọ lásán ni.

Káfíńtà òdìkejì wa ní ṣé orí lẹ́tà nìkan ni ọmọ aránṣọ ń kà, wọn ò jẹ́ kó dé inú ẹ̀ ni? Mo ní kó lọ wá ọmọ mìíràn tí wọ́n lè kó lẹ́tà gbogbo ayé lé lọ́wọ́ tí kò ní í tú u wò. Orí mi wú débi pé mo rán ọrùn aṣọ kan sódì.

O tún ní ẹnikẹ́ni ló lè mú iṣẹ́ rẹ lò lọ́fẹ̀ẹ́. Ó dáa, ṣùgbọ́n kọ orúkọ wọn sílẹ̀ kí wọ́n lè dá a padà. Káfíńtà yìí náà yá tépù ìwọnṣọ mi, ó ti di ọdún méjì tí mi ò tíì rí i gbà.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, bẹ́líìtì ẹ̀rọ ìránṣọ mi ti já, bàbá rẹ náà sì nílò bàtà tó rọ̀. Ọlọ́run á gbé ọ ga, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ò ní í bàjẹ́. Bí o bá rí àṣìṣe lórí lẹ́tà yìí, má dá a padà, ọmọ mi. Mú un dání wálé, kí o wá fi ibi tí mo ti ṣì í hàn mí.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.