Gèlè Mi, Orúkọ Rẹ̀

Ilé Ọlátúbọ̀sún,
Ẹ̀yìn Ọjà,
Ìgèdè-Èkìtì.
Oṣù Kọkànlá, 1999.

Kúdírát, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni gbogbo ilé wà ní Ọ̀fà? Àlàáfíà rẹ ni mo kọ́kọ́ béèrè, nítorí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá kì í ráyè ka lẹ́tà gígùn, gígùn ni èyí yóò sì jẹ́. Àwa náà wà, a dúpẹ́. Tèmítọ́pẹ́ ń múra ìdánwò àṣekágbá, bàbá rẹ̀ wà lóko, iṣu sì ta dáadáa lọ́dún yìí. Orúnkún tó máa ń dùn mí ti fúyẹ́. Ohun tó ń dùn mí báyìí, kò sí dókítà tó ní oògùn rẹ̀. Owú ni.

Má tíì rẹ́rìn-ín. O mọ Fẹ́yìsetán, àbúrò ọkọ mi, èyí tó padà sílé baba rẹ̀ lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ kú. Inú lẹ́tà yìí nìkan ni mo ti lè dárúkọ rẹ̀. Ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ, ì báà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Nígbà tí wọ́n gbé mi wọlé, ọmọdé tó ń pààrọ̀ eyín ni, mo wo eyín rẹ̀, mo sọ ọ́ ní Eyínfúnjowó. Àwọn náà kì í pè mí ní Abọ́sẹ̀dé. "Ìyàwó" ni mò ń jẹ́ lẹ́nu tàgbà tèwe wọn títí di òní.

O rántí òyìnbó obìnrin tó wá sọ́dọ̀ wa ní ọdún tí o kó ẹrù rẹ lọ, èyí tí mo torí rẹ̀ ra gèlè aláró yẹn lọ́wọ́ rẹ. Ẹ̀kọ́ nípa ìṣe àti ìgbé-ayé àwọn èèyàn ló ń kọ́, ó sì gbọ́ Yorùbá díẹ̀. Olúwarótìmí, ọmọ Ìyìn tó jẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì ní Adó, ló mú un wá, ó já a sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Òyìnbó ní àlámọ̀ tí àwa obìnrin fi ń ki ìdílé lòun fẹ́ gbọ́. Èmi ni mo lé e, Fẹ́yìsetán àti àwọn yòókù gbè é. Ọjà lo wà lọ́jọ́ náà, o ò gbọ́ ohùn mi. Àdánù rẹ nìyẹn.

Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, Olúwarótìmí dé, ó ní àlámọ̀ wa tí òyìnbó gbà sínú ẹ̀rọ ti wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó ní bí ẹni lẹ ìwé mọ́ ògiri ọjà ni, àmọ́ gbogbo ayé ló lè dúró kà á láì ti ara wọn. Àwọn onílẹ̀ kan wà ní Kánádà, àwọn tó ti wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé. Òyìnbó fipá kó àwọn ọmọ wọn lọ sí iléèwé, wọ́n ń nà wọ́n bí wọ́n bá sọ èdè ìyá wọn, èdè náà sì ń tán lọ lẹ́nu wọn. Mo rántí ẹgba tí tíṣà fi ń nà wá nítorí Yorùbá. Àwọn obìnrin wọn ló gbọ́ àlámọ̀ wa tí wọ́n sunkún. Wọ́n ń ṣe ìpàdé lọ́dún tó ń bọ̀, wọ́n fẹ́ kí obìnrin tó lé àlámọ̀ yẹn wá, àwọn ni yóò gbé e lọ, gbé e bọ̀. Mo ti ń tún ìró ró láti dìde nígbà tí Olúwarótìmí ní, "Eyínfúnjowó ni wọ́n pè."

Kúdírát, mo tún jókòó. Mo rò pé ohùn tirẹ̀ ni òyìnbó yàn láàyò. Àwọn ará ilé ní ó dára bẹ́ẹ̀, ọmọ ilé ló kúkú ni oríkì ilé. Ta ni kí n wá bá jà?

Láti ọjọ́ yẹn ni oúnjẹ ò ti dùn lẹ́nu mi. Fẹ́yìsetán ra báàgì onítáyà. Bó bá ń gúnyán, a ní, "àwọn èèyàn mi ní Kánádà." Wọ́n ṣe ìdúpẹ́ fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, gbogbo aláṣọ funfun yí i ká, èmi náà jó lẹ́yìn rẹ̀ nítorí ojú ayé. Ẹsẹ̀ mi ń jó, ọkàn mi jókòó sílé. Bí mo bá rí eyín rẹ̀ tó funfun, èyí tí mo fi sọ ọ́ lórúkọ, ó ń ṣe mí bíi kí n gba orúkọ náà padà.

Nígbà tí mi ò lè fara dà á mọ́, mo purọ́ fún ọkọ mi pé mo fẹ́ ra oògùn kòkòrò ẹ̀wà, mo wọ mọ́tò lọ sí Adó. Bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kan wà ní àdúgbò Adébáyọ̀, obìnrin kan tó ń jẹ́ Inúolúwa ló ni ín. Ó so kọ̀ǹpútà mọ́ tẹlifóònù, ẹ̀rọ náà ń pariwo bí epo gbígbóná tí omi kán sí, ìlà já, ó tún un pè. Ó ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ fún mi, pé àwa ni àwọn èèyàn tí àṣà wọn ń parẹ́ lọ. Mo ní ta ló ń parẹ́? Àwa tí a fi àlámọ̀ sin ìyàwó relé ọkọ lọ́sẹ̀ tó kọjá? Ó ní kí n má bínú sí òun, pé àwòrán ń bọ̀.

Òkè ló ti bẹ̀rẹ̀, ó ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo ń retí ojú Fẹ́yìsetán kí n lè bínú dáadáa. Gèlè ló kọ́kọ́ yọ. Gèlè aláró ni. Mo mọ gèlè mi. Lẹ́yìn náà ni iwájú orí mi yọ, imú mi, ẹnu mi tó là sílẹ̀ nínú àlámọ̀. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé, "Eyínfúnjowó, Ìgèdè-Èkìtì."

Ìgbà yẹn ni mo rántí. Nígbà tí a ki àlámọ̀ tán, òyìnbó na pẹ́ẹ̀nì sí mi, ó ní ta lòun máa kọ pé ó ni ín. Bàbá Ọlátúbọ̀sún, olórí ilé, jókòó níbẹ̀. Ṣé ìyàwó máa ń gbé oríkì ilé ọkọ lé orúkọ ara rẹ̀ lójú wọn ni? Mo ṣe bí a ti ń ṣe, mo ní, "Eyínfúnjowó ló ni ín." Bí mo bá fún un, òun náà á ní, "Rárá o, ìyàwó wa ló ni ín," gbogbo ilé á sì gbà bẹ́ẹ̀. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Àmọ́ Fẹ́yìsetán ti lọ bu omi mímu fún àlejò. Kò sí ẹni tó dá a padà. Òyìnbó kọ ohun tó gbọ́.

Inúolúwa tẹ àwòrán náà jáde, mo gbé e délé. Bàbá pe gbogbo wa jọ, ó gbé ìwé náà súnmọ́ ojú. Ó ní, "Ta rèé? Ọmọ ulé ni àbí ìyàwó ulé?" Bí mo bá ní èmi ni, wọ́n á ní mo fẹ́ gba oríkì wọn mọ́ wọn lọ́wọ́. Ìwé dé ọwọ́ Fẹ́yìsetán. Ó wò ó títí. Mo ń ṣọ́ ọwọ́ rẹ̀ bóyá yóò ká a. Ó mọ̀ pé Kánádà ló dì mú yẹn.

Ó gbójú sókè, ó ní, "Omi ni mo lọ bù lọ́jọ́ ùn. Abọ́sẹ̀dé ló ni ín."

Kò pè mí ní Ìyàwó. Kò pè mí ní ìyá Tèmítọ́pẹ́. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fomi fọ ẹsẹ̀ mi wọ ilé yẹn, ẹnikẹ́ni kò pe orúkọ mi níbẹ̀ rí. Bàbá ní kí Olúwarótìmí kọ̀wé sí òyìnbó kí wọ́n tún un ṣe, ó sì ti kọ ọ́.

Èmi ni mò ń lọ báyìí. Ó yẹ kí owú tán, àbí? Kò tán. Gbogbo ilé ń yin Fẹ́yìsetán pé irú ọmọ wo nìyí. Ṣọ́ọ̀ṣì wọn tún ṣe ìdúpẹ́ mìíràn fún un! Mo jowú nígbà tí ohun tèmi wà lọ́wọ́ rẹ̀, mo tún ń jowú nítorí pé ó dá a padà, nítorí mi ò mọ̀ bóyá èmi ì bá dá a padà. Ó ń wù mí kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bó ti yẹ, kí n pe orúkọ rẹ̀ bó ti pe tèmi. Ẹnu ìyàwó ò gbà á. Mo kọ ọ́ síbí: Fẹ́yìsetán, o ṣeun.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ọjà rẹ máa tà, kí ẹsẹ̀ oníbàárà má wọ́n ní ìsọ̀ rẹ, kí o sì bí àwọn tó máa pe orúkọ rẹ dáadáa lẹ́yìn rẹ. Bá mi kí Àmínát ọmọ wa.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí kò ní orúkọ méjì lọ́dọ̀ rẹ,
Abọ́sẹ̀dé.

Mo gbàgbé o: bá mi wá irú gèlè aláró yẹn, méjì ni kó jẹ́. Fẹ́yìsetán ní òun náà fẹ́ ẹ, èmi ni mo sì fẹ́ rà á fún un. Àmọ́ jọ̀ọ́, kí tirẹ̀ má dán tó tèmi.