Bí A Ṣe Fi Ọgbọ́n Iléeṣẹ́ Yín Wá Ẹni Tí Yóò Tún Páńpù Ṣe

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni ara, báwo ni iṣẹ́, ṣé o ń jẹun, ṣé o ń sùn dáadáa? Àwa wà láàyè, a dúpẹ́. Ìyá rẹ náà wà, ó kàn jẹ́ pé kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ láti ìjẹta ni. Mo gbà á ládùúrà pé orí rẹ yóò máa ṣáájú ẹsẹ̀ rẹ wọ ọ́fíìsì. Mo ń kọ̀wé dípò kí n pè ọ́ nítorí ọ̀rọ̀ yìí gùn, mo sì ti ṣírò owó tí fóònù yóò jẹ, dírẹ́bà tó ń mú lẹ́tà yìí bọ̀ kò sì gba nǹkan kan.

Páńpù àdúgbò ti kú, ó pé ọjọ́ mọ́kàndínlógún lónìí. Omi odò la ń pọn. Láti ẹnu ọ̀nà wa dé odò jẹ́ ẹgbẹ̀rún kan àti igba ìṣísẹ̀, mo kà á, ẹ̀ẹ̀mẹrin sì ni ìyá rẹ ń lọ lójúmọ́. O mọ̀ pé èmi ni akápò ìgbìmọ̀ omi. Atúnpáńpù tí a ní tẹ́lẹ̀, àna alága ni, torí pé ó jẹ́ àna la ṣe gbà á, òun ló sì fi òòlù lu ohun tí kò fẹ́ òòlù. Ni mo bá sọ fún ìgbìmọ̀ pé lọ́tẹ̀ yìí kò sí ojúsàájú mọ́, ọ̀nà tí iléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà yín ń gbà yan èèyàn, tí o ṣàlàyé fún mi nígbà tí o wálé, ni a ó tọ̀. Ìwọ gan-an, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n pè ọ́ lọ bi ọ́ ní ìbéèrè, ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá lo fi dúró, iléeṣẹ́ náà kò sì wó.

O ní ẹ̀rọ ló máa ń kọ́kọ́ wo ìwé àwọn tó ń wáṣẹ́, pé kò mọ ohun tó ń kà, ọ̀rọ̀ kan ṣá ló ń wá. A kò ní ẹ̀rọ. A wo ara wa yíká, a rí i pé télọ̀ kò mọ̀wé kà, òun ló sún mọ́ ẹ̀rọ jù. A kọ “páńpù” sórí ìwé fún un, a ní kó máa wá ohun tó jọ ọ́. Ìwé mẹ́ta ló wọlé, ó da méjì nù láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin. Mo wá rí i lẹ́yìn náà pé ọ̀kan nínú àwọn tó dà nù ti ń tún ẹ̀rọ omi ṣe láti ọdún méjìlá, ṣùgbọ́n “ẹ̀rọ omi” ló kọ. Mo fẹ́ mú un padà, télọ̀ bi mí pé ṣé ẹ̀rọ iléeṣẹ́ ọmọ mi máa ń gbọ́ ẹ̀bẹ̀ ni. Ṣé ó máa ń gbọ́?

Ẹni tó ṣẹ́ kù ni Máfọwọ́kàn-án, tí ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé wa, tó máa ń pariwo orúkọ yẹn mọ́ ẹnikẹ́ni tó bá sún mọ́ irinṣẹ́ rẹ̀. O ní ojú pátákó ni wọ́n ti ń dán èèyàn wò, wọn kì í jẹ́ kó ṣe iṣẹ́ náà gan-an. A gbé pátákó káfíńtà jáde, a fún un ní ṣọ́ọ̀kì, ó ya páńpù tìfuntìfun. Páńpù fúnra rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀ ní ìṣísẹ̀ mẹ́wàá. Ó ní ẹ̀yin bàbá, ẹ jẹ́ kí n kúkú tú u, ogójì ìṣẹ́jú ni. A ní rárá, kò tíì kan ibẹ̀. Ìyá rẹ sọ korobá kalẹ̀, ó bi mí lójú gbogbo èèyàn pé ṣé pátákó la ó máa mu ni. Mo ní kó má bínú. Mo bi Máfọwọ́kàn-án pé níbo ló rí ara rẹ̀ sí ní ọdún márùn-ún sí i, ó ní nílé òun, bí Ọlọ́run bá dá ẹ̀mí sí, àbí a ti fẹ́ lé òun kúrò ni? A fún un ní máàkì mẹ́tàlélógójì nínú àádọ́ta. Méje tó kù, a yọ ọ́ nítorí pé kò rẹ́rìn-ín, torí o ní ẹ máa ń wò ó bóyá ẹni náà yóò bá yín ṣeré.

Ibi tó ti dojú rú nìyí. O ní àwọn tó rí ẹni náà kọ́ ló ń pinnu, ìgbìmọ̀ mìíràn tí kò rí i rí ló ń ka ìwé rẹ̀. Ọmọ mi, ta ni kò rí Máfọwọ́kàn-án rí níbí? Ajá pàápàá mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ mẹ́ta la fi wá àjèjì, kí n tó gun alùpùpù lọ sí abúlé òkè, mo kó ìwé náà fún àgbà mẹ́ta níbẹ̀. Wọ́n kà á dáadáa. Ọ̀kan bèèrè bóyá lóòótọ́ ni pé ogójì ìṣẹ́jú ni, èkejì bèèrè ilé rẹ̀. Inú mi dùn, mo ní àwọn wọ̀nyí mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Lọ́jọ́ kẹrin wọ́n ránṣẹ́ pé ohùn àwọn ṣọ̀kan, àwọn ti gbà á síṣẹ́. Mo ti ń kọrin, ẹni tí wọ́n rán ní kí n dákẹ́ ná, Máfọwọ́kàn-án ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn. Páńpù tiwọn náà ti kú láti oṣù méjì, èmi kò sì bèèrè! Omi ti ń yọ lọ́hùn-ún báyìí. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni ìgbìmọ̀ tiyín ń ṣe? Báwo lẹ ṣe ń dì wọ́n mú?

Alága ní àna òun kì bá tí lọ. Ó ní bí omi kò bá yọ lọ́sẹ̀ yìí, kí n gbé ìwé owó kalẹ̀. Mo lọ bá Máfọwọ́kàn-án, kò bínú, ó fún mi ní àga. Ó ní òun lè ṣe tiwa tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n òun ti kọ́gbọ́n lọ́wọ́ wa pé a kì í kàn gba èèyàn bẹ́ẹ̀. Òun ni yóò wá bi wá ní ìbéèrè ní Sátidé, lórí fóònù, bẹ́ẹ̀ ògiri ilé wa àti tirẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. Àwa la ó pè é. Ìyàwó rẹ̀ ni yóò pinnu, ìyẹn tó ti ń pọn omi odò nítorí wa.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó ti sọ fún mi rèé: kí ló dé tí ẹ fi fẹ́ kí n bá yín ṣiṣẹ́? Mo mọ̀ ọ́n, òùngbẹ ni. Ṣùgbọ́n o sọ fún mi rí pé ẹni tó ń wáṣẹ́ kì í jẹ́wọ́ pé ebi ń pa òun, ó máa ń ní iṣẹ́ náà wu òun ni. Ta ló wá ń wáṣẹ́ báyìí, àwa ni àbí òun? Ìyá rẹ gba ẹnu télọ̀ sọ fún mi pé kí n lọ jẹ́wọ́ pé mo ya dìndìnrìn, pé ìyẹn kò ní ná mi ní nǹkan kan. Jọ̀wọ́, kọ ìdáhùn tó dára, kí o fi rán dírẹ́bà, ó ń padà bọ̀ ní Tọ́sídeè.

Fi owó díẹ̀ sí i: ti ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lórí fóònù, ti alùpùpù àlọ àti àbọ̀ tí ìgbìmọ̀ kọ̀ láti san padà, àti ti korobá ìyá rẹ tó fọ́. Èmi kọ́ ni mo fọ́ ọ, ó jù ú lu nǹkan kan tó wà nítòsí mi ni.

Olúwa kò ní fi ọ̀rọ̀ rẹ sọ́wọ́ ẹni tí kò rí ọ rí. Ẹni tí yóò pinnu lórí rẹ, yóò ti rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kó tó lanu. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
akápò títí di Sátidé.