Lórí Ọ̀rọ̀ Ooru Yàrá Gíláàsì Tí O Kọ́ Fún Wa

Crispin ọmọ mi,

Ṣé ara le ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣé o ń jẹun, ṣé o ń sùn? Ọlọ́run tó mú ọ débẹ̀ kò ní jẹ́ kí ibẹ̀ gbé ọ mì. Àwa náà wà níbí ní Upper Sallow, a ń dúpẹ́. Bàbá rẹ náà ń dúpẹ́, àmọ́ ìta ló ti ń dúpẹ́ tirẹ̀, nítorí kò wọ yàrá gíláàsì mọ́ láti ọjọ́ ìbí rẹ̀ tí àbẹ́là orí kéèkì ti tẹ̀ dọ̀bálẹ̀ kí n tó ṣáná sí i.

Yàrá náà dára o, gbogbo abúlé ló sọ bẹ́ẹ̀. Àlùfáà Pelham àti Mísìsì Tuckwell ará ilé kejì wá mu tíì níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, oòrùn sì ń wọlé tààrà láti gúúsù bí o ṣe ṣètò rẹ̀. O mọ àwa èèyàn ibí, àlejò tó bá ń jóná kò ní sọ fún onílé pé òun ń jóná. Àlùfáà ní ibẹ̀ mà tura o, òógùn sì ń kán tótó sínú ife rẹ̀. Mísìsì Tuckwell ní kí n bu tíì gbígbóná sí i fún òun, kí n má baà rò pé tèmi ò dùn. Nígbà tí Àlùfáà wá dákú, tó bọ́ sílẹ̀ lórí àga, ohun tó kọ́kọ́ sọ nígbà tó jí ni pé kí n má bínú, òun ti da kéèkì sórí ẹní.

Ní ti ẹ̀rọ funfun kékeré tí o lẹ̀ mọ́ ògiri, tó ń sọ bí ooru ṣe pọ̀ tó fún fóònù rẹ, mo fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ olófòófó ni. Ó jókòó sílé wa, gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ló ń rò fún ọ. Tó bá ti rò ó tán, o ó pè, o ó ní Màmá, ẹ ṣí fèrèsé òrùlé, Màmá, ẹ da omi sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ohùn rẹ á sì dà bíi ti ọmọ tó fìdí rẹmi nínú ìdánwò. A ṣí fèrèsé, agbọ́n wọlé. A da omi sílẹ̀, ibẹ̀ tutù títí a fi jẹun àárọ̀ tán, lẹ́yìn náà ó di ìkòkò tí wọ́n dé lórí iná. Bàbá rẹ wá po ẹfun mọ́ wàrà bí bàbá tirẹ̀ ṣe máa ń ṣe sí ilé gíláàsì tòmátì, ó fi kun òrùlé látìta. Ìyẹn ràn wá lọ́wọ́, ká má purọ́. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù tó bá ti kógbá sílé ni wọ́n máa ń kun gíláàsì rẹ̀ báyẹn níbí, kí ilẹ̀ sì tó ṣú, àwọn èèyàn ti ń gbé kéèkì wá láti bá mi kẹ́dùn, wọ́n ṣe bí bàbá rẹ ti kú. Bàbá rẹ fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn, ó ní òkú náà ò tíì jẹun, kí wọ́n gbé e wọlé. Ọjọ́ kejì ni òjò kan ṣoṣo tí a rí ní gbogbo ìgbà ooru yìí rọ̀, ó sì fọ ẹfun náà dànù.

Nígbà tí mi ò fẹ́ kí ọkàn rẹ gbọgbẹ́ mọ́, mo yọ ẹ̀rọ náà, mo gbé e sínú fìríìjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́tà. Mo rò pé òun náà nílò ìsinmi. O pè lọ́jọ́ náà, ò ń fò fáyọ̀, o ní Màmá, ẹ ò rí i, ṣebí mo sọ fún yín pé ó máa tutù! Mo ní ó tutù. Òótọ́ ni, bọ́tà le koko.

Àfi bí mo ṣe gbọ́ lánàá pé o ti ń ròyìn òtútù náà fún àwọn òbí Imogen àfẹ́sọ́nà rẹ, pé wọ́n ń bọ̀ wá mu tíì níbẹ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè, tó bá sì wù wọ́n, wọ́n á gé igi ńlá ẹ̀yìnkùlé wọn kí o lè kọ́ irú rẹ̀ fún wọn. Crispin, ẹ̀rù bà mí. Ìyá Imogen ní àìsàn ọkàn, ọmọlúwàbí sì ni, yóò jókòó síbẹ̀, yóò máa rẹ́rìn-ín títí yóò fi kú.

Má jẹ́ kí wọ́n gé igi wọn. Ní gbogbo ọdún tí igi ápù wa fi wà níbi tí yàrá rẹ wà báyìí, a rò pé ápù nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀. Àṣé òun ló ń dá oòrùn dúró. Nígbà ooru á fi ewé ṣíji bo ilé, nígbà òtútù á wọ́wé kí oòrùn lè wọlé, kò sì sí ẹni tó ń fi fóònù pàṣẹ fún un. Ọjọ́ tí o gé e, bàbá rẹ ní kò burú. Ohun tó máa ń sọ nìyẹn tí nǹkan bá burú gan-an. Ó mú ẹ̀ka kan pamọ́, ó lọ́ ọ mọ́ gbòǹgbò igi ápù míràn kí méjèèjì lè hù pọ̀, ó sì ti gbìn ín síwájú yàrá náà. Kò ju orúnkún mi lọ. Mo bi í pé ìgbà wo ló máa ṣíji bo òrùlé, ó ní bí ogún ọdún. Mo ní ṣé àwa á wà níbẹ̀? Ó ní kí la fẹ́ wà níbẹ̀ ṣe, ṣebí Crispin ni yóò jókòó síbẹ̀.

Nítorí náà, owó tí o ní o fẹ́ fi ra ẹ̀rọ amúlétutù, jọ̀ọ́, fi ránṣẹ́ sí wa, ká fi ra ajílẹ̀ fún igi kékeré náà, àti wáyà tí a ó fi yí i ká kí ehoro má baà jẹ ẹ́. Tí wọ́n bá dé lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ẹ̀yìn ilé níbi tí òjìji wà ni a ó ti mu tíì. Sọ fún wọn pé inú yàrá náà ti tutù jù fún àgbàlagbà. Màá fi ẹ̀rọ rẹ sínú fìríìjì títí wọ́n á fi lọ, kó lè jẹ́rìí sí i.

Ọlọ́run yóò fún ọ ní ibòji nílé, yóò fún ọ ní ibòji lóde. Imogen yóò bímọ fún ọ, ọmọ náà kò sì ní gé igi tí o bá gbìn.

Èmi ni màmá rẹ,
Enid