Aṣọ Tí Mo Rán fún Ìyá Ẹranko

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù Kẹta

Ìyá Ẹranko tún ti gba inú igbó lọ. Àbígbẹ̀yìn mi nìyẹn – ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ náà, ó ti wá mọ́ èmi náà lẹ́nu. Ọdún tó máa parí yunifásítì rèé. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wá iṣẹ́, tèmi ń wá akíka. Ẹran onípẹ́ tó máa ń ká ara rẹ̀ bí òṣùká. Àwọn olùkọ́ rẹ̀ ní ó ti tán nínú igbó yẹn, òun ní kò tíì tán. Ó ń kọ́ àwọn ará abúlé etí igbó bí ojú ẹsẹ̀ akíka ṣe ń rí nílẹ̀, kí wọ́n lè pè é tí wọ́n bá rí i. Mo bi í pé ṣé akíka ló máa gbà á síṣẹ́. Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́rú, 6

Ó ní kí n rán aṣọ ìkéde kan tí wọ́n máa ta sẹ́nu ọ̀nà igbó. Kí n gé lẹ́tà ńláńlá lára aṣọ pupa, kí n rán an mọ́ funfun. Ohun tó kọ wá gùn bí ìwàásù: "Ẹ jẹ́ ká dáàbò bo àwọn ẹ̀dá abẹ̀mí inú igbó wa." Mo ní, ọmọ mi, ta ló ń báni sọ̀rọ̀ báyìí? Aṣọ gan-an ò tó. Èmi ni mo bá a gé e kúrú: Ẹ BÁ WA TỌ́JÚ ẸRAN IGBÓ. Nọ́ńbà fóònù rẹ̀ nísàlẹ̀. Ó ní, "Màámi, ẹ̀yin gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ lọ yunifásítì." Orí mi wú. Ó ti pẹ́ tí a ti jọ rẹ́rìn-ín nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ yìí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9

Wọ́n ti ta á. Ó fi fọ́tò ránṣẹ́. Lẹ́tà kan wọ́ díẹ̀, èmi nìkan ló máa rí i.

Ọjọ́ Ajé, 11

Alága pè – àkọ́bí mi tó wà ní báńkì, tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń darí ìpàdé. "Ẹ̀yin lẹ ń kì í láyà, Màámi. Ta ló máa fẹ́ obìnrin tó ń tẹ̀lé ẹran kiri?" Mo ní kó gbẹ́nu ẹ̀ sọ́hùn-ún. Nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo gbàdúrà ohun kan náà tó sọ. Kí Ọlọ́run gbà á lọ́wọ́ igbó.

Ọjọ́bọ̀, 14

Kò sẹ́ni tó pè é. Ó ń gbé fóònù wọ balùwẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 17

Wọ́n pè! Ọdẹ kan. Ó ní òun ti rí i, òun sì ti bá wọn tọ́jú ẹ̀. Ọmọ mi fò mọ́ mi, àwo bọ́ lọ́wọ́ mi, ó fọ́. Mi ò bínú. Ó ní kí n dìde ká jọ lọ.

Ọjọ́ Ajé, 18

Mi ò lè kọ ọ́ lánàá.

Ọdẹ náà gbé àga fún wa. Ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. Ó wọlé, ó gbé apẹ̀rẹ̀ jáde.

Ó ti yan án gbẹ. Ó ká a bó ṣe máa ń ká ara rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ ò rí i bí mo ṣe tọ́jú ẹ̀? Ẹyọ ìdin kan ò sí níbẹ̀. Ẹlòmíì ì bá ti jẹ ẹ́." Ìyàwó rẹ̀ ní ká má bínú pé ó kéré, pé ẹyọ kan yẹn ni àwọn rí.

Ọmọ mi fọwọ́ kan ipẹ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀. "Ẹ ṣé, bàbá." Kí ni ì bá tún sọ? Ohun tí aṣọ ní kí ọkùnrin náà ṣe ló ṣe. Tọ́jú. Ẹran. Èmi ni mo gé e kúrú.

Ọjọ́rú, 20

Kò jẹun. Kò bá mi jà. Ì bá tiẹ̀ bá mi jà. Mo ní èmi ni mo fà á. Ó ní, "Màámi, èmi náà kà á kí wọ́n tó ta á."

Ọjọ́ Ẹtì, 22

Olùkọ́ rẹ̀ pè, ọmọ mi gbé e sórí sípíkà. Ohùn ọkùnrin náà kún fún ayọ̀. Ó ní kú oríire, ẹ̀rí ti dé, ẹnikẹ́ni ò lè jiyàn mọ́ pé akíka wà nínú igbó yẹn. Máàkì tó ga jù ló máa gbà fún iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀. Mo ti gbọ́wọ́ sókè láti dúpẹ́.

Ọmọ mi ní, "Ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni, sà."

Ó pa fóònù. Ó ní kí n bá òun bi ẹ̀gbọ́n òun bóyá àyè iṣẹ́ ṣì wà ní báńkì wọn.

Àdúrà mi gbà. Mo jókòó tì í, mò ń wá gbólóhùn kan tí mo lè sọ fún un. Gbogbo èyí tó wá sí mi lẹ́nu ló ní ìtumọ̀ méjì.