Akọ̀wé Tó Bá Mi Tún Síífíì Mi Ṣe

Akọ̀wé mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé dáadáa ni ẹ wà lọ́dọ̀ Màmá? Ṣé ikọ́ tó ń yọ yín lẹ́nu kí ẹ tó kúrò nílé wa ti lọ? Mo gbà á ládùúrà pé kí lẹ́tà yìí bá yín nínú ìlera, kó sì jẹ́ pé ẹ ti jẹun kí ẹ tó ṣí i, nítorí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń fi ebi kà. Ẹ̀gbọ́n yín kí yín. Ẹ̀yìn ṣì ń dùn wọ́n, wọn ò tíì lè jókòó sídìí ọkọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń dá rìn dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn ọmọ ń béèrè yín lójoojúmọ́.

Màmá pè wá lórí fóònù lánàá. Wọ́n ní iṣẹ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ti bọ́ lọ́wọ́ yín kí ẹ tó wọ̀ ọ́, pé ẹ ò jẹ, ẹ ò mu, pé ẹ ní ọ̀tá kan ló lọ bà yín jẹ́ níbẹ̀. Wọ́n ní àwọn ti bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ kí Ọlọ́run lè tú àṣírí ọ̀tá náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ Màmá kí wọ́n jẹun. Ara àgbà ò gba ààwẹ̀ mọ́. Ọ̀tá tí wọ́n ń wá, èmi ni.

Ẹ má tíì fa lẹ́tà náà ya. Ẹ fara balẹ̀ kà á, bí mo ṣe fara balẹ̀ jókòó tì yín lọ́jọ́ tí ẹ̀yin ń ka síífíì mi, ìwé tí mo fi ń wáṣẹ́.

Ẹ rántí bí nǹkan ṣe rí nígbà yẹn. Ilé ìwòsàn tí mo ti ń ṣiṣẹ́ sọ fún wa pé àwọn máa gbé ìtọ́jú kọ̀ǹpútà wọn fún àwọn ará ìta, pé kí gbogbo àwa tí a wà nídìí rẹ̀ máa wá iṣẹ́ mìíràn kí oṣù tó parí. Ẹ̀gbọ́n yín wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Gbogbo ilé, títí kan ẹ̀yin tí ẹ ń sùn ní pálọ̀ wa, orí èmi nìkan ni wọ́n wà. Ìgbà tí mo gbọ́ pé ilé-iṣẹ́ ńlá tó dojú kọ báǹkì yẹn ń wá ẹnì kan ṣoṣo tí yóò máa bójú tó kọ̀ǹpútà wọn, mo ní Elédùmarè ti gbọ́ tèmi. Ìgbà náà ni ẹ wò mí, tí ẹ rẹ́rìn-ín, tí ẹ ní, “Ìyàwó wa, síífíì rẹ yìí ti gbó jù. Gbé e wá, jẹ́ kí n bá ọ tún un ṣe.” Inú mi dùn débi pé mo dín ẹyin fún yín. Àbúrò ọkọ mi tó kàwé kọ̀ǹpútà gboyè ní yunifásítì ló fẹ́ tún síífíì mi ṣe, kí ni mo tún ń wá lọ sí Sókótó?

Ẹ ń jẹ ẹyin, ẹ ń pa ọ̀rọ̀ mi rẹ́. Ẹ ní àwọn ibi tí mo ti ṣiṣẹ́ ti pọ̀ jù, ẹ yọ wọ́n. Ẹ ní ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ tí mo ń lọ kò ní láárí, ẹ yọ ọ́. Nígbà tí ẹ dé ibi ìtàn áyọ́ọ̀nù, ẹ bú sẹ́rìn-ín.

Ìtàn yẹn kọ́ ni mo kọ́kọ́ fi yangàn fún yín nínú ilé yẹn? Ọ̀sọ̀ọ̀sán ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé ìwòsàn wa máa ń kú. Aláìsàn á dúró, dókítà á dúró, a ò ní lè rí orúkọ ẹnikẹ́ni lórí kọ̀ǹpútà. Àwọn ẹnjiníà wá, wọ́n pààrọ̀ wáyà, wọ́n pààrọ̀ ẹ̀rọ, wọ́n gbowó, wọ́n lọ. Ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó tún kú. Èmi tí mo jókòó síbẹ̀ ni mo ṣàkíyèsí pé bó bá ti fẹ́ kú báyìí, òórùn aṣọ gbígbóná ni mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́. Mo tẹ̀ lé òórùn náà dé yàrá kejì, mo bá ìyá tó ń fọ aṣọ àwọn dókítà níbẹ̀, ó ti ki áyọ́ọ̀nù rẹ̀ bọ ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n kan náà tí àpótí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń lò. Bí áyọ́ọ̀nù bá ti fa iná, àpótí á kú. Mo gba sọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀tọ̀ fún un, ọ̀rọ̀ sì parí. Ọ̀gá dókítà pàápàá wá kí mi lọ́jọ́ yẹn, mi ò jẹ́ gbàgbé.

Ẹ ní, “Áyọ́ọ̀nù kẹ̀? Wọ́n á fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn tó ń wá onímọ̀ ẹ̀rọ, ìwọ ń sọ ìtàn alágbàfọ̀ fún wọn.” Ojú tì mí. Mo ní kí ẹ yọ ọ́, ẹ sì yọ ọ́. Ohun tó kù lórí síífíì mi ni pé mo jẹ́ olóòótọ́, mo máa ń tètè débi iṣẹ́, mo sì lè bá ènìyàn ṣiṣẹ́ pọ̀. Àṣé ẹni a ní kó kín ni lẹ́yìn ti fi ẹ̀gún sọ́wọ́, èmi ni mo sì ń ṣí ẹ̀yìn sílẹ̀ fún yín.

Lọ́jọ́ tí ẹ ní ẹ fẹ́ lọ kí olùkọ́ yín àtijọ́, ṣẹ́ẹ̀tì funfun ẹ̀gbọ́n yín ni ẹ wọ̀. Mo ní ẹ ò lè wọ aṣọ tó ti rún jáde nílé mi kí wọ́n wá ní ìyàwó ò tọ́jú yín. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi lọ̀ ọ́, apá rẹ̀, kọ́là rẹ̀, títí ó fi dúró ṣánṣán. Mo tún fi àdúrà lé yín dé ẹnu géètì. Akọ̀wé, ẹ ṣe àmín sí i o! Ohùn yín ò tilẹ̀ gbọ̀n.

Ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tèmi pé ní ilé-iṣẹ́ náà. Ènìyàn mẹ́ta ló jókòó sí ẹ̀yìn tábìlì gígùn kan: màmá kan tó wọ jígí, bàbá onírùngbọ̀n kan, àti ọ̀dọ́kùnrin kan láti ẹ̀ka kọ̀ǹpútà wọn. Màmá oníjígí wo síífíì mi síwá, ó wò ó sẹ́yìn, mo sì rí i pé kò rí nǹkan tó máa bi mí. Ó wá ní kí n sọ ìṣòro kan tí mo ti fi ọgbọ́n ara mi yanjú. Mo ní nínú ara mi pé, ẹ̀sín tó bá máa jẹ́, kó jẹ́ ẹ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn áyọ́ọ̀nù.

Mi ò tíì sọ ọ́ dé ìdajì tí ojú wọn fi yí padà. Ọ̀dọ́kùnrin yẹn fi gègé sílẹ̀, ó ní, “Màdáámù, ẹni tó kọ́ yín ní ìtàn yìí ti kọ́kọ́ wá sọ ọ́ fún wa. A ti ní ká gbà á síṣẹ́, ẹ̀yin tó kù la kàn fẹ́ gbọ́ tán.” Bàbá onírùngbọ̀n fa ìwé kan yọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè. Ọ̀rọ̀ mi ni. Bí mo ṣe tò ó lórí tábìlì ìjẹun wa ni wọ́n ṣe ń kà á, ilé ìwòsàn, ọ̀sán, áyọ́ọ̀nù. Ẹ ò tilẹ̀ yí gbólóhùn kan padà. Mo wá mọ̀ pé kì í ṣe pé ẹ yọ ọ́ nù, ńṣe ni ẹ yọ ọ́ sápò, àti pé ọ̀dọ̀ wọn ni ẹ wọ ṣẹ́ẹ̀tì yẹn lọ, kì í ṣe ọ̀dọ̀ olùkọ́ kankan.

Mo ní, “Èmi ni mo ṣe é. Àbúrò ọkọ mi ló bá mi tún síífíì mi ṣe.” Màmá oníjígí bi mí pé báwo ni mo ṣe mọ̀ pé áyọ́ọ̀nù ni. Mo ní òórùn aṣọ gbígbóná ni. Wọ́n wo ara wọn. Ó ní ẹni ìṣáájú sọ pé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn iná ni òun lò. Ẹ̀rọ wo, Akọ̀wé? Àwa tí a ò ní gíláàsì tí aláìsàn á fi mumi!

Ó wá ní, “Ó dára. Bó bá jẹ́ pé àbúrò ọkọ yín ni lóòótọ́, kí lorúkọ rẹ̀?” Ẹnu mi ní, “Akọ̀wé.” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀dọ́kùnrin náà ní, “Akọ̀wé ibo? Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ là ń béèrè.” Ìwé yín wà níwájú wọn, wọ́n mọ̀ ọ́n, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá èmi náà mọ̀ ọ́n ni.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yín, mi ò pe orúkọ yín rí. Ọmọ ilé tí mo bá nílé ọkọ, ọkọ mi ni. Ẹ kéré sí mi lọ́jọ́ orí, síbẹ̀ ẹ ń pè mí ní ìwọ, mo ń pè yín ní ẹ̀yin, kò sì dùn mí rí, nítorí bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Mo rí ojú Màmá yín lọ́kàn mi. Mo rí ẹ̀gbọ́n yín lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo tún mọ̀ pé bí mo bá dákẹ́, èmi ni olè. Ahọ́n mi wúwo bí òkúta. Mo pe orúkọ yín. Mo pè é tán, mo tún fi ti bàbá yín kún un. Omi bọ́ lójú mi níwájú àwọn tí mi ò mọ̀ rí.

Wọ́n gbà mí gbọ́, wọ́n sì gba iṣẹ́ náà kúrò lọ́wọ́ yín. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n ẹnì kẹta ni wọ́n gbà, ẹnì kan tí kò mọ ọwọ́ mi, tí kò mọ ẹsẹ̀ yín. Màmá oníjígí pè mí fúnra rẹ̀, ó ní òun ò lè fi kọ́kọ́rọ́ ilé-iṣẹ́ sọ́wọ́ ẹni tí wọ́n lè jí nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ilé ara rẹ̀. Oṣù ti ń parí lọ. Mi ò tíì mọ ohun tí a máa jẹ.

Ó dùn mí, Akọ̀wé. Kì í ṣe iṣẹ́ yẹn nìkan ló dùn mí. Ká ní ẹ bi mí ni, ká ní ẹ ní, “Ìyàwó wa, ebi iṣẹ́ ń pa èmi náà,” a ò bá jọ jókòó, ǹ bá wá nǹkan tí ẹ lè sọ fún wọn tó jẹ́ tiyín. Ẹ kọ́kọ́ mú kí n tijú ohun ìní mi, kí ẹ tó gbé e. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Ẹ̀gbọ́n yín ò tíì gbọ́. Ẹ̀yin ni ẹ máa sọ fún wọn, èmi ò ní bá yín tún ìyẹn ṣe.

Síbẹ̀, mi ò ní gbé yín ṣépè. Kí Ọlọ́run fún yín níṣẹ́ tó jẹ́ tiyín, tí ẹ ò ní máa wẹ̀yìn lórí rẹ̀. Kó wo ikọ́ yín sàn. Kó dá Màmá sí fún wa.

Èmi ni,
Ìyàwó yín tó lọ ṣẹ́ẹ̀tì fún yín.

Ọ̀rọ̀ ìparí: Mo mọ̀ pé ìkánjú ni ẹ fi ṣí lẹ́tà yìí. Ẹ mú àpòòwé rẹ̀ nílẹ̀, kí ẹ wo ohun tí mo kọ sí iwájú rẹ̀. Kì í ṣe Akọ̀wé. Orúkọ yín gan-an ni. Kò wúwo lẹ́nu mi mọ́.