Àwọn Àwo Tí Bùkárì Kó Wá láti Kútọnu

Ọjọ́bọ̀, 27 Oṣù Kẹta 2025

Marvellous wá lónìí, ọmọbìnrin tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ìlú ní ijó sálísà ní gbọ̀ngàn. Ó kúnlẹ̀, ó ní Ẹgbẹ́ Ìmọ́lẹ̀ Ayọ̀ fẹ́ ṣe ijó ní Sátidé Àjíǹde: àwa àgbà tó kù nínú ẹgbẹ́ àti àwọn ọ̀dọ́ tirẹ̀, nínú agbo kan náà. Aago mẹ́ta ọ̀sán ni wọn yóò bẹ̀rẹ̀, kí àwọn ará Èsìẹ́ lè padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú, nítorí ọ̀nà kò ṣeé fi òru rìn mọ́. Èmi ni wọ́n fẹ́ kí n máa gbé àwo orin sí i. Kì í ṣe orin orí fóònù o. Ìyẹn, òun náà lè gbé e. Àwọn àwo àtijọ́ tó wà nínú yàrá mi ló fẹ́, àwọn tí ẹnikẹ́ni kò ní mọ́.

Mo ti gbà kó tó sọ̀rọ̀ tán. Ẹnu mi yá ju orí mi lọ.

Ó lọ tán ni àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí í já. Etí òsì mi ti kú láti ọdún tó kọjá. Ti ọ̀tún — ìlù ńlá ló kù tó ń gbọ́, àti ohùn ọkùnrin, bí onítọ̀hún bá dojú kọ mí. Fèrè, agogo, ẹyẹ, ohùn ọmọdé, gbogbo wọn ti kó lọ. Ti obìnrin, ẹnu wọn ni mo ń wò kí n tó mọ ohun tí wọ́n sọ. Ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ìyá Ìyì, aya mi, rò pé oríkunkun ni. Bí Marvellous bá mọ̀, á fi ohùn pẹ̀lẹ́ ní kí Bàbá lọ jókòó, á gbé fóònù jáde, àwọn àwo mi á sì sùn títí ayé. Adití ló fẹ́ yan orin fún ìlú.

Ẹtì, 28

Bùkárì, ọ̀rẹ́ mi, ń bínú sí mi. Ọjà ni Ìyá Ìyì ti gbọ́ ọ. Bùkárì ní òun kí mi lẹ́ẹ̀mejì láti ẹ̀yìn níwájú ilé epo, mo sì ń lọ ní tèmi bí ẹni pé ajá ló gbó. Ó ní owó ìfẹ̀yìntì tíṣà ti ń gun èmi Sámúẹ́lì.

Ní ìlú yìí, kí ènìyàn kí ọ kí o má dáhùn, ó sàn kí o gbá a létí.

Àwọn àwo yẹn, tiwa méjèèjì ni. Lọ́ọ̀rì ni Bùkárì ń wà nígbà náà, Òmù-Àrán sí Kútọnu. Bó bá ti já ẹrù tán, ilé àwọn tó ń ta àwo ló kù. Kò gbọ́ èdè tí wọ́n fi kọ ọ́, èmi náà kò gbọ́. Á ní kí wọ́n gbé e sí i. Bí ẹsẹ̀ òun bá ti mì, á rà á. Áfà ni bàbá rẹ̀, kò jẹ́ kó gbé e wọlé, ilé mi ló ń kó o sí. Bẹ́ẹ̀ la ṣe di ọ̀rẹ́.

Mo lè lọ bá a kí n ní mi ò gbọ́ ni. Gbólóhùn kan péré. Ṣùgbọ́n ẹnu Bùkárì kò ní géètì. Kí oòrùn tó wọ̀, gbogbo Òmù-Àrán á ti mọ̀.

Àìkú, 30

Ìtúnu àwẹ̀. Láti ìgbà tí a ti gbéyàwó, kò sí ọdún tí ìrẹsì àti ẹran kì í wá láti ilé Bùkárì. Tèmi náà a máa lọ síbẹ̀ ní Kérésì. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti ń bọ̀ láti yídì. Mo ń wo géètì. Nígbà tó yá, Ìyá Ìyì lọ gbé iṣu kaná.

Wọ́n ní bí etí kò bá gbọ́ yìnkìn, inú kì í bàjẹ́. Irọ́ ni. Tèmi kò gbọ́, inú mi sì bàjẹ́.

Ìṣẹ́gun, 1 Oṣù Kẹrin

Mo kó àwọn àwo jáde. Aṣọ rírọ̀, omi ọṣẹ díẹ̀, mo nù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. A kò mọ orúkọ wọn kà nígbà náà, a sọ wọ́n lórúkọ ara wa: Onífìlà, nítorí ọkùnrin tó wà lára páálí rẹ̀. Adìyẹ Funfun. Oníyọ̀, tó ń ha ṣàṣà bí ẹni ń tú iyọ̀ sórí páànù. Ẹlẹ́kún, tí olórin rẹ̀ ń ké bí ẹni tí ìyàwó rẹ̀ kó ẹrù.

Báyìí ni mo ṣe ń yàn wọ́n: mo ti ilẹ̀kùn, mo tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé sípíkà. Ìlù á gun ọwọ́ mi wá. Ìyókù, mo ń rántí rẹ̀ ni. Orin tí mo bá rántí láti orí dé ìdí, mo yà á sọ́tọ̀. Èyí tí ibì kan ti sọnù nínú rẹ̀, mo dá a padà. Ọ̀pọ̀ ni mo dá padà. Ó dùn mí gan-an.

Ọjọ́bọ̀, 3

Ìyìolúwa, ọmọ wa, pè láti Kánádà. Mo ń ṣe "àmín, àmín" sí gbogbo ohun tó ń sọ. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìbéèrè ló ń bi mí.

Ajé, 7

Marvellous wá gbọ́ àwọn tí mo yàn. Ó jókòó, ó ń mi orí, lẹ́yìn náà kò mi orí mọ́. Mo ní kí ló dé. Ó sún mọ́ mi dáadáa, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Gbogbo ẹ̀ ló wúwo. Ìlù, ìlù, ìlù. Ṣé kò sí fèrè níbẹ̀ ni?"

Mo gbaná jẹ. Mo ní èmi ti ń jó orin yìí kí wọ́n tó bí ìyá rẹ̀. Ó bẹ̀bẹ̀, ó lọ.

Òótọ́ ló sọ. Ohun tí etí mi ṣì ń gbọ́ ni mo yàn. Mo fẹ́ fi àìsàn mi ṣe oúnjẹ fún agbo.

Ìṣẹ́gun, 8

Ọ̀rọ̀ Ẹlẹ́kún kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Kò sí ẹ̀dà rẹ̀ níbikíbi; Marvellous wá a títí lórí fóònù, kò rí i. Orin Bùkárì ni. Òun ló fi jó nígbà tí ẹgbẹ́ wa lọ bá wọn díje ní Ìlọrin tí a gba ipò kìíní. Bí mo bá ṣe ijó yìí láìgbé Ẹlẹ́kún, ó di ẹ̀ẹ̀kejì tí mo gbójú fo Bùkárì.

Ṣùgbọ́n fèrè ló fi bẹ̀rẹ̀, fèrè nìkan. Mi ò ní mọ̀ bóyá ó ti ń kọ. Èyí tó burú jù: ó máa ń dákẹ́ láàárín. Gbogbo wọn á dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn oníjó á gbẹ́sẹ̀ dúró, agogo kékeré kan á dún, ìlù á wá wọlé padà. Bí mo bá rò pé ó ti tán tí mo gbé abẹ́rẹ́ kúrò, àṣírí tú.

Ọjọ́bọ̀, 10

Ìdánrawò ní gbọ̀ngàn. Bùkárì wá.

Kò kí mi láti ẹnu ọ̀nà bó ṣe máa ń ṣe. Ó rìn wá títí ó fi dé iwájú mi, ó dúró gbọnin, ó wo ojú mi, ó ní, "Sámúẹ́lì, o kú iṣẹ́." Mo dáhùn. Ó tún dúró díẹ̀ kó tó lọ. Bíi ọlọ́pàá.

Àwọn ọ̀dọ́ náà. Gbogbo wọn ló ń yí wá síwájú mi kí wọ́n tó kúnlẹ̀, kí wọ́n tó dọ̀bálẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, láti ibi tí wọ́n wà ni wọ́n ti ń kí mi. Àpọ́nlé yìí pọ̀ jù. Ara ń fu mí.

Àìkú, 13

Àìkú Ọ̀pẹ. Mo wo ẹnu Pásítọ̀ títí ojú fi ń ro mí.

Ọjọ́rú, 16

Mo rí ọgbọ́n kan. Bí ènìyàn bá gbé àwo sí oòrùn tó yí i díẹ̀, ibi tí orin ti dákẹ́ á hàn lára rẹ̀ bí okùn tín-ín-rín. Mo rí ti Ẹlẹ́kún. Bí abẹ́rẹ́ bá dé ibẹ̀, mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ìyókù, ẹsẹ̀ àwọn oníjó ni n ó máa wò. Ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn àgbà ló sọ ọ́.

Mo kó àwọn onífèrè padà sínú àwọn tí mo yàn. Ẹlẹ́kún ni yóò kẹ́yìn.

Bí ó bá bàjẹ́, n kò ní lè rìn ní ìlú yìí mọ́.

Ẹtì, 18

Ìyá Ìyì ní kí n jẹun. Oúnjẹ ò lọ.

Àbámẹ́ta, 19

Ó ti parí. N ó kọ ọ́ bó ṣe wá.

Gbọ̀ngàn kún. Wọ́n gbé sípíkà sí òdìkejì, ó jìnnà sí tábìlì mi, nítorí náà kò sí ohun tí mo lè tẹ́wọ́ lé. Mo fẹ́ sọ pé kí wọ́n gbé e wá, mo rò ó, kí ni n ó ní mo fẹ́ fi ṣe? Adìyẹ Funfun ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ìlù ń dé ọ̀dọ̀ mi díẹ̀díẹ̀. Ẹsẹ̀ àwọn ọ̀dọ́ yára, ti àwa àgbà rọra, ṣùgbọ́n agbo ò tú. Oníyọ̀ ló tẹ̀ lé e. Ó dára.

Bùkárì wá sí iwájú tábìlì, ó fi ọwọ́ ṣàpèjúwe pé kí n máa na páálí àwo sókè kí agbo rí ohun tó kàn. Mo nà á. Inú mi dùn, bí ẹni tó ń fi ife-ẹ̀yẹ han ìlú.

Nígbà tí mo gbé Onífìlà sí i ni mi ò gbọ́ ìlù mọ́. Rárá. Mo tẹ etí ọ̀tún mọ́lẹ̀, mo tú u sílẹ̀, kò sí nǹkan kan. Òórùn nǹkan tó ń jó kan mí nímú. Mo rò pé ẹran tí wọ́n ń dín lẹ́yìn ni. Ẹ̀rù bà mí débi pé òógùn bò mí. Mo sọ nínú ara mi pé, ó ti tán, Sámúẹ́lì, etí kejì ti lọ, lójú gbogbo ayé. Mo gbójú sókè — wọ́n ń jó. Wọ́n ń jó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́, ẹnu gbogbo wọn là, títí kan Ìyá Ìyì, tó jẹ́ diakónì obìnrin, tí kì í jó rárá. Bùkárì ti rí ìgò kan, ó ń fi ṣíbí lù ú, kò gbé ojú kúrò lára mi.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń gbé e lọ. Ojú nìkan. Bí ẹsẹ̀ wọn bá ti dúró, mo gbé abẹ́rẹ́, mo na páálí mìíràn sókè.

Ẹlẹ́kún. Mo tẹjú mọ́ okùn tín-ín-rín yẹn bí ológbò. Ohun kan yà mí lẹ́nu: agbo gbẹ́sẹ̀ dúró kí abẹ́rẹ́ tó dé ibẹ̀. Ó ku díẹ̀ kí n gbé e kúrò. Mo di ọwọ́ mi mú. Gbogbo wọn dúró, Bùkárì nìkan ló fi ṣíbí kan ìgò, ko, ko, ko, wọ́n sì tún bẹ́ sí ijó. Ó jó bí ẹni pé lọ́ọ̀rì rẹ̀ ṣì wà níta. Mo sunkún. Mo ní òógùn ni.

Ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Etí mi ti kú, ẹnikẹ́ni kò sì mọ̀.

Ajé, 21

Ìyá Ìyì tan rédíò ní ilé ìdáná láàárọ̀ yìí, mo sì gbọ́ ìlù. Mo dúró. Mo gbọ́ ọ dáadáa ní etí ọ̀tún, bó ṣe máa ń rí.

Mo wọ yàrá lọ, mo gbé Onífìlà sórí ẹ̀rọ, mo tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé sípíkà. Kò mì. Mo gbé ampilifáyà mi sókè, ẹ̀rọ agbóhùnsókè tí wọ́n dá padà láti gbọ̀ngàn, mo yí i: ẹ̀yìn rẹ̀ ti dúdú, ó ń run.

Mo pe Ìyá Ìyì. Mo ní ìgbà wo lèyí jóná. Ó wá jókòó síwájú mi níbi tí mo ti lè rí ẹnu rẹ̀. Ó ní nígbà tí Onífìlà bẹ̀rẹ̀ ni. Iná ṣì wà, àwo ṣì ń yí, ohùn kò sí. Ó ní Marvellous ti ń sáré lọ mú fóònù, Bùkárì dì í lọ́wọ́ mú. Bùkárì ní, "Ẹ má dá a dúró. Èyí tó bá ti gbé abẹ́rẹ́ lé, àwa la máa kọ ọ́." Àwa àgbà mọ gbogbo ẹ̀ lórí, àwọn ọ̀dọ́ ń pàtẹ́wọ́. Bùkárì ló ń kọ ohùn fèrè.

Mo ní ta ló sọ fún Bùkárì pé etí mi ti kú. Ó ní òun ni. Ọjọ́ kejì ìtúnu ni òun lọ bá a nílé, nítorí òun kò lè wo bí mo ṣe ń wo géètì. Ó ní òun ti mọ̀ láti ọdún tó kọjá. Gbogbo wọn ló mọ̀. Èmi nìkan ló rò pé mo ní àṣírí.

Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ bínú. Mo wá ìbínú náà títí, mi ò rí i.

Mo wọ bàtà, mo lọ sí ilé Bùkárì. Ó wà níwájú ilé, ó ń gé èékánná. Mo sọ ọ́ fún un fúnra mi lórí ìdúró pé etí mi ti di, pé kì í ṣe ìgbéraga. Ó wò mí. Ó tẹ orí ba, ó ń gé èékánná rẹ̀ lọ, ó sì sọ nǹkan kan sísàlẹ̀.

Ó ti mọ́ mi lára kí n rẹ́rìn-ín bí irú ìyẹn bá ṣẹlẹ̀, kí n mi orí.

Mo ní, "Bùkárì, mi ò gbọ́. Tún un sọ."