Ta Ló Di Ẹsẹ̀ Àkàbà Rẹ Mú?

Dì-í-mú ọmọ mi,

Mo kí ọ lókè, mo kí ọ nílẹ̀, nítorí n kò mọ èyí tí wàá wà nínú méjèèjì nígbà tí dírẹ́bà bá gbé lẹ́tà yìí dé ọ̀dọ̀ rẹ. Bó bá jẹ́ òkè lo wà, jọ̀ọ́ má tíì ṣí i, atẹ́gùn á gbà á lọ́wọ́ rẹ, á sì lọ já sọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ wá. Kọ́kọ́ wá ilẹ̀ tẹ̀ ná, kí o jókòó, kí o mu omi, kí o tó kà á. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé iṣẹ́ ọ́fíìsì ń lọ déédéé? A ò ní gbọ́ ohun tí kò dára nípa rẹ. Wàá jẹ, wàá yó, ọ̀gá rẹ kò ní kanra mọ́ ọ, àga tí o bá sì jókòó lé kò ní ṣẹ́ mọ́ ọ nídìí. Àmín.

Bí o bá bi wá, a wà. Ìyá rẹ ń kí ọ. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ tó ti ń wúkọ́ látọjọ́ yìí ti gbádùn, ọkùnrin tó tún un ṣe ní òùngbẹ epo ló ń gbẹ ẹ́. Òrùlé ilé ìwé tí mo ń kàn nígbà tí o wá kẹ́yìn ti parí, òjò ti rọ̀ lé e, kò jò. Ewúrẹ́ olóríkunkun yẹn bí ọmọ méjì, ọ̀kan nínú wọn ò mọ̀ ju kó gun ògiri kó bẹ́ sílẹ̀ lọ, ìyá rẹ sì ti fi orúkọ rẹ pè é.

Ìdí tí n kò fi pè ọ́ lórí fóònù, tí mo fi ń kọ̀wé bí ará àtijọ́, ìwọ lo fà á. Ṣebí o sọ fún wa pé níbi tí ẹ ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń bẹ́ láti inú bàálù, wọ́n gbé ìwé kan fún ọ pé kí o kọ orúkọ ẹni tí wọ́n máa pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, o sì kọ orúkọ mi. Ọmọ mi, o ṣé. O fi mí sípò. Láti ọjọ́ náà ni mo ti di Ẹni-Tí-Wọ́n-Máa-Pè, gbogbo àdúgbò ló sì ti gbọ́. N kì í fi fóònù náà ṣeré mọ́. Inú àpò àyà ẹ̀wù mi ló ń gbé, mo ń mú un lọ sí balùwẹ̀, n kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè mí, kí ọ̀nà má baà dí nígbà tí àwọn ará bàálù bá fẹ́ sọ fún mi pé kí n wá gbà ọ́. Ìyá rẹ ní báwo ni mo ṣe máa gbà ọ́ láti ibí. Mo ní ìyẹn ò kàn án. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́.

Ọ̀rọ̀ fídíò tí o fi ránṣẹ́ ńkọ́? Bó ṣe wọlé, èmi àti ìyá rẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ obìnrin tó ń ta káàdì ní oríta, torí òun ló mọ ibi tí wọ́n ń tẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́. A rí ọ nínú bàálù, o dé akoto, o wọ gíláàsì bí àwọn tó ń jó irin, ọkùnrin kan sì wà lẹ́yìn rẹ tí wọ́n fi bẹ́líìtì so mọ́ ọ gbágbágbá. Kí n tó bèèrè pé ta ni ọkùnrin yìí, ilẹ̀kùn ti ṣí, ẹ ti já bọ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ ń lù pẹ́pẹ́ bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn, ẹnu rẹ là sílẹ̀ gbàgà, ìyá rẹ ní ó jọ pé o fẹ́ bèèrè nǹkan. Ibẹ̀ náà ni gbogbo rẹ̀ ti dúró. O dúró sójú òfuurufú, o ò lọ sókè, o ò bọ̀ wálẹ̀, nǹkan róbótó kan wá ń yí po, ó ń yí po, níwájú imú rẹ. Mo figbe ta. Mo bi obìnrin náà pé kí ló dé tí ọmọ mi ò bọ̀ mọ́. Ó ní dátà ló tán.

Dátà ló tán! Ọmọ mi, n kò mọ̀ pé dátà ni wọ́n fi ń sọ̀kalẹ̀. Mo tú àpò, ìyá rẹ tú etí ìró, a ra èyí tó tóbi jù níbẹ̀, mo sì ní kí obìnrin náà yára, pé a ò lè fi ọmọ kọ́ sójú ọ̀run báyìí ká máa bá a dúnàá-dúrà. Bí dátà ṣe wọlé, aṣọ ńlá tí wọ́n ń pè ní párásúùtì ṣí lórí yín pàà, pupa àti búlúù, ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọra bọ̀. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Má gbàgbé láéláé pé dátà tí bàbá rẹ rà ló ṣí aṣọ náà. Obìnrin yẹn fẹ́ tún un tẹ̀ kí àwọn tó ń kọjá lè wò ó, mo yáa gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní ó ti rẹ̀ ọ́, ibi tí o ti já bọ́ yẹn kì í ṣe ibi tí wọ́n ń dá èèyàn padà sí.

Ìyá rẹ ò tilẹ̀ bẹ̀rù. Aránṣọ ni, ojú rẹ̀ ò sí lára rẹ, ara aṣọ ló wà. Ó ní kí wọ́n dá a dúró níbi tí aṣọ ti fẹ̀ tán, ó sún mọ́ ọn, ó wo ojú ìránṣọ rẹ̀, ó mi orí. Ó ní ẹni tó rán an mọ iṣẹ́, ó ká etí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó rán an. Ṣùgbọ́n ó ní kí n bi ọ́ wò: aṣọ kejì tí o ní ó wà nínú àpò ẹ̀yìn yín bí àkọ́kọ́ bá kọ̀ tí kò ṣí, kí ló dé tí ẹ ò kúkú ṣí méjèèjì pọ̀, ṣé ọjọ́ àríyá ni wọ́n ń tọ́jú ìyẹn dè ni? Ó tún ní kí n bèèrè bóyá ọkùnrin tí wọ́n so mọ́ ọ ti níyàwó, pé ọkùnrin tó bá obìnrin já bọ́ láti ibi gíga bẹ́ẹ̀ tí kò jù ú sílẹ̀, èèyàn gidi ni. Mo ní tíṣà rẹ ni, o ti sọ fún wa. Ó ní àwọn tíṣà náà ń fẹ́yàwó.

Èmi, dírẹ́bà bàálù yẹn ló ń bí mi nínú. Mo mọ irú wọn. Àwọn tó ń wa bọ́ọ̀sì níbí náà ń ṣe é, bí o bá ní o fẹ́ bọ́ sílẹ̀ wọn ò ní dúró tán, wọ́n á ní kí o bẹ́ sílẹ̀ kíákíá. Mo rò pé ti bàálù á sàn jù bẹ́ẹ̀, ṣebí wọ́n kàwé. Ẹ kó ara yín jọ kí ẹ bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kó máa dúró dáadáa kí èrò sọ̀kalẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ ò sì bá a dé ibi tó ń lọ, ó yẹ kó fún yín ní ṣéńjì.

Wàyí o, jẹ́ kí n dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Nígbà tí o pè kẹ́yìn, o ní tó bá di Sátidé tó ń bọ̀, wọn ò ní so tíṣà mọ́ ọ mọ́, ìwọ nìkan lo máa dá bẹ́. O ní o ti kọ́ ọ, pé orí tábìlì lẹ ti kọ́kọ́ ń bẹ́ tí ẹ ń yí gbirigbiri lórí koríko, pé ẹ tún dojú bolẹ̀, ẹ na apá na ẹsẹ̀ bí alángbá tó ń yá oòrùn. O wá ní o ò ní bẹ́ bí n kò bá fọwọ́ sí i, àdúrà mi lo ń dúró dè. Mo ní rárá. Mo ní láéláé. O wá rọra bi mí pé pẹ̀lú gbogbo òrùlé tí mo ti gùn láyé mi, ṣé n kò bẹ́ sílẹ̀ rí ni. Mo pa fóònù, mo jù ú sínú àpótí irinṣẹ́. Nígbà tó yá mo tún lọ yọ ọ́, nítorí ipò mi.

Ìbéèrè yẹn ò jẹ́ kí n gbádùn. Ìwọ gan-an mọ òfin iṣẹ́ wa. Nígbà tí o wà ní kékeré tí o ń bá mi lọ síbi iṣẹ́, ìwọ lo ń di ẹsẹ̀ àkàbà mú fún mi. Ẹni tó wà lókè kò gbọdọ̀ gbé ẹsẹ̀ lé àkàbà láti sọ̀kalẹ̀ bí ẹni tó wà nílẹ̀ ò bá tíì ké sí i pé máa bọ̀, mo dì í mú. Ọjọ́ kan wà tí o rí labalábá tí o sì sá tẹ̀ lé e lọ. Èmi wà lórí páànù nínú oòrùn, ìdí mi ń gbóná, mo jókòó síbẹ̀ títí o fi padà wá di àkàbà mú tí o sì ké sí mi. Àwọn kápẹ́ńtà yòókù rẹ́rìn-ín títí, ọjọ́ náà ni wọ́n sọ ọ́ ní Dì-í-mú. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi ṣiṣẹ́ kí n má baà já bọ́, ọmọ mi wá ń sanwó kí wọ́n kọ́ ọ bó ṣe máa já bọ́!

Ni mo bá ṣe ohun kan, ṣùgbọ́n má sọ ọ́ fún àwọn ará ọ́fíìsì rẹ. Àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù da iyanrìn jọ gègèrè sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi. Níjẹta, mo wo òrùlé ṣọ́ọ̀bù náà, kò ga púpọ̀. Mo mú aṣọ ìbùsùn ìyá rẹ, èyí tó ní òdòdó, mo so igun rẹ̀ mọ́ okùn, mo so okùn mọ́ ìgbànú mi, mo ra dátà sínú fóònù kí n má baà ṣe àṣìṣe, mo gùn ún. Ìyá rẹ jáde, ó rò pé páànù ni mo fẹ́ kàn, ó di ẹsẹ̀ àkàbà mú. Ó ké sí mi pé kí n máa bọ̀, òun dì í mú. Mo dá a lóhùn pé ọ̀nà ibẹ̀ kọ́ ni mò ń gbà bọ̀ lónìí. Mo sì bẹ́.

Ọmọ mi, aṣọ ìbùsùn ò ṣí. Dátà wà níbẹ̀ o, kò ṣí. Iyanrìn kún ẹnu mi, ọrùn ẹsẹ̀ ọ̀tún mi sì yí. Màmá nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, tí ilé rẹ̀ kángun sí tiwa, ló wá fi báńdéèjì dì í. Ó ní ẹsẹ̀ ò kán, pé orí mi ló yẹ kí wọ́n yẹ̀ wò. Ìyá rẹ ò tilẹ̀ bèèrè ẹsẹ̀, aṣọ ìbùsùn rẹ̀ ló nà sókè tó ń wo ibi tó ti ya. Ó ní àṣejù baba àṣetẹ́, pé ọmọ ń bẹ́ nínú bàálù, bàbá ń bẹ́ lórí páànù, ewúrẹ́ ń bẹ́ lórí ògiri, òun nìkan ló kù tó ń fẹsẹ̀ rìn nínú ilé yìí.

Ṣùgbọ́n kí n tó kan iyanrìn, àkókò kékeré kan wà, kò tó ìṣẹ́jú akàn. Ẹsẹ̀ mi ò kan nǹkan kan, ọwọ́ mi ò di nǹkan kan mú. Láti ìgbà tí mo ti di kápẹ́ńtà, n kò wà lókè láìdi nǹkan mú rí. Mo gbọ́ tí ẹnì kan kígbe ẹ̀rín bí ọmọdé, mo rò pé ọmọ aládùúgbò ni, àṣé èmi ni. Inú mi dùn. Bí kì í bá ṣe ti ẹsẹ̀ ni, ǹ bá tún gùn ún. Ìgbà náà ni mo mọ ohun tí ẹnu rẹ tó là sílẹ̀ nínú fídíò ń sọ. O ò fẹ́ bèèrè nǹkan kan. Ẹ̀rín lo ń rín.

Ẹ̀rù ṣì ń bà mí o, n kò ní parọ́ fún ọ. Nígbà tí màmá nọ́ọ̀sì ń di ẹsẹ̀ mi, ó ṣàlàyé ipò tí o fi mí sí. Ó ní wọn kì í pe ẹni yẹn fún ayọ̀. Mo ṣì ń gbé fóònù náà kiri, ṣùgbọ́n àdúrà tí mo ń gbà báyìí ni pé kó má dún. Ìwọ nìkan la bí. Bí nǹkan bá ṣe ọ́, n kò mọ ẹni tí n ó máa jẹ́ bàbá fún.

Ohun tó tù mí nínú ni rédíò tí o ní wọ́n ń fi sí yín létí, pé bí o bá ń dá bọ̀, tíṣà á wà nílẹ̀, á máa sọ fún ọ pé fa ti ọ̀tún, fa ti òsì. Ó yẹ kí o ti tètè sọ ìyẹn, kì bá tí sí ìjà. Àṣé ẹnì kan ń wà nísàlẹ̀.

Nítorí náà, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí èmi àti ìyá rẹ ká lè débẹ̀ kí Sátidé tó pé. Má fi sí báǹkì. Ẹ̀rọ inú ògiri wọn ní kí n jọ̀wọ́ dúró díẹ̀, mo dúró, mo kí i, mo ń wò ó lójú títí àwọn ọlọ́dẹ fi wá ń tilẹ̀kùn, kò rántí mi mọ́. Fún dírẹ́bà tó mú lẹ́tà yìí wá. Fi owó aṣọ ìbùsùn kún un, olódòdó, kí ilé lè tòrò. Fi owó dátà náà kún un. Wọ́n ti ṣàlàyé fún mi pé kì í ṣe dátà, mo ti gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rà á síbẹ̀. Kí o wá bá mi bẹ tíṣà kó yá mi ní rédíò yẹn díẹ̀, n kò ní pẹ́ nídìí rẹ̀. Bó bá sì ti níyàwó, kó má bínú sí ìyá rẹ.

Mo fọwọ́ sí i. Ọlọ́run tó mú ọ gòkè á mú ọ sọ̀kalẹ̀. Okùn ò ní lọ́ mọ́ ọ, aṣọ á ṣí, atẹ́gùn á gbé ọ bí ẹni gbé ẹyin, ilẹ̀ á fi sùúrù gbà ọ́. Ẹ̀rín tí o bá bẹ̀rẹ̀ lókè, orí ilẹ̀ ni wàá ti rín in parí. Èmi á wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá mi àti ẹsẹ̀ wíwú mi. Tí o bá dé ẹnu ọ̀nà bàálù, dúró, kí o fetí sílẹ̀ kí o tó gbé ẹsẹ̀. Bí o bá gbọ́ ohùn àgbàlagbà kan, òun nìyẹn.

Máa bọ̀, ọmọ mi. Mo dì í mú.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.